Ẹ̀gbẹ́ Òsì Àgbò

"Ta ló tú àgbò yìí sílẹ̀? Mo ní ta ló tú u sílẹ̀!"

Ohùn Ìyá Ṣùbòmí gba gbogbo ilé kan. Ọpọ́n gàrí tó gbé síwájú ilé láti tà ti dojú dé. Gàrí fọ́n ká orí ṣìmẹ́ńtì. Àgbò Ìyá Quadri dúró sí àárín rẹ̀ gbọnrangandan, àjákù okùn wà lọ́rùn rẹ̀, imú rẹ̀ funfun bí imú ẹni tó ń po bùrẹ́dì. Ó ti jẹ àjẹyó. Kí wọ́n tó rí i lé, ó tún ki ẹnu bọ báàfù omi tó wà lẹ́bàá ẹ̀rọ, ó mu ún bí ẹni tó ti Kánò fẹsẹ̀ rìn dé.

"Ìyá Quadri! Ẹ jáde wá wo ohun tí ẹran yín fi ojú mi rí láàárọ̀ yìí!"

Ìyá Quadri sáré jáde, ìborùn rẹ̀ ń já bọ́. Obìnrin jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ni, Àmínát lorúkọ rẹ̀. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, kì í bá ẹnikẹ́ni fa ọ̀rọ̀ nínú ilé náà. Ó kúnlẹ̀.

"Ẹ má bínú, Ìyá Ṣùbòmí. Ẹ foríjì mí. Quadri ló so ó, kò so ó le."

"Ẹ sọ fún un kó so ó mọ́ ọrùn ara rẹ̀ lọ́la!"

Quadri ń múra ibi iṣẹ́ lọ́wọ́, ní Ládípọ̀, níbi tó ti ń kọ́ṣẹ́ mẹ́káníìkì. Ó yọrí lójú fèrèsé. "Ṣé èmi ni mo ní kí ẹ gbé gàrí sójú ọ̀nà ẹran ni?"

"Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ ọmọ yìí o!"

Ìgbà yìí ni Ṣùbòmí jáde sí wọn. Inú ti ń bí i tẹ́lẹ̀. Láti ọjọ́ tó ti dé ni inú ti ń bí i. "Quadri, ìyá mi lò ń dá lóhùn báyẹn? Ṣé orí ẹ pé ṣá?"

"Hẹ̀n-ẹ́n, Àǹtí dókítà ewúrẹ́! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún mi lábẹ́rẹ́ o."

Gbogbo àwọn tó ń pọn omi bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn gún Ṣùbòmí lọ́kàn. Ó wọlé padà, ó sì pa ilẹ̀kùn dé gbàgà.

Dókítà ewúrẹ́. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ní Mùṣín nìyẹn. Ọdún 1992 ni. Àwọn olùkọ́ yunifásítì da iṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n sì ní kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ máa lọ sílé. Ọdún kejì rèé tí Ṣùbòmí ti ń kọ́ iṣẹ́ ìtọ́jú ẹran. Iṣẹ́ dókítà èèyàn ló kọ́kọ́ béèrè fún. Ti ẹran ni wọ́n fún un. Kò tíì gbé àpótí rẹ̀ kalẹ̀ tán tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ọ̀kan á ní, "Ọdún mélòó ni wọ́n fi ń kọ́ ewúrẹ́ gan-an?" Òmíràn á fi ohùn ewúrẹ́ kí i káàárọ̀. Ìyá rẹ̀ nìkan ni kì í rẹ́rìn-ín. Á gbé ọwọ́ lé ìbàdí láàárín wọn, á ní, "Ẹran ò lè sọ ibi tó ń dùn ún. Ẹni tó bá rí ẹran wò sàn, ṣé èèyàn ló máa wá tì í?" Wọ́n á sì dákẹ́, nítorí ẹnu Ìyá Ṣùbòmí mú.

Ohun kan wà tí ìyá yìí ò mọ̀. Ẹnikẹ́ni ò mọ̀ ọ́n nínú ilé yẹn. Ṣùbòmí ò mọ inú ẹran.

Ẹ̀kọ́ kan wà tí wọ́n fi ń ṣe ìfiwéra inú àwọn ẹran ilé: bí inú màlúù àti ti àgùntàn ṣe jọ, bí ti ẹṣin ṣe yàtọ̀, bí ti ajá àti ti ẹlẹ́dẹ̀ ṣe fara jọ ti èèyàn. Iṣẹ́ tí àgùntàn ń fi àpò mẹ́rin ṣe nínú, ẹyọ kan ni ẹṣin ní fún un. Èyí tó tóbi jù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni àwọn alápatà ń pè ní ṣàkì. Ẹ̀gbẹ́ kan ló fi ṣe ilé. Tí afẹ́fẹ́ bá há sínú rẹ̀, tí inú ẹran wú, tí kò sì sí ọ̀nà mìíràn mọ́, ẹ̀gbẹ́ yẹn ni wọ́n ń gún kí afẹ́fẹ́ lè jáde. Ẹ̀gbẹ́ yẹn nìkan. Ti ẹṣin, ẹ̀gbẹ́ kejì ni. Ẹni tó bá máa di dókítà ẹran gbọ́dọ̀ mọ èyí bí ọwọ́ ṣe mọ ọ̀nà ẹnu.

Inú yàrá kan ni wọ́n ti ń kọ́ ọ. Òkú ẹran tí wọ́n ti rẹ sínú oògùn ni wọ́n máa ń tẹ́ sórí tábìlì. Oògùn náà ń ta ni lójú. Ó ń lẹ̀ mọ́ irun, ó ń lẹ̀ mọ́ aṣọ, títí dé orí oúnjẹ ni èèyàn á máa gbóòórùn rẹ̀. Ọjọ́ àkọ́kọ́, Ṣùbòmí bì. Ọjọ́ kejì, ó jókòó sábẹ́ igi lóde. Láti ìgbà náà, Margaret ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ń bá a dáhùn "Mo wà ńbí, mà" nígbà tí wọ́n bá pe orúkọ rẹ̀. Nígbà tí ìdánwò dé, ẹ̀gbẹ́ Margaret náà ló jókòó sí. Margaret ya inú àgùntàn sórí ìwé. Ṣùbòmí yọjú, ó wò ó, ó yà á bó ṣe rí i. Àpò ńlá náà wà ní ọwọ́ ọ̀tún ìwé. Ó há a sórí bẹ́ẹ̀: àgùntàn, ọ̀tún. Wọ́n fún un ní máàkì tó dáa, kò sì tún ronú kan ọ̀rọ̀ náà mọ́.

Ọ̀sán ò tíì pọ́n tán tí inú àgbò fi bẹ̀rẹ̀ sí í wú.

Ó kọ́kọ́ ń fẹsẹ̀ ha ilẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ń fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn gbá ikùn ara rẹ̀. Ó ń lọ eyín pọ̀, itọ́ ń já lẹ́nu rẹ̀. Gàrí ti mumi nínú rẹ̀, ó ti rú. Ìyá Quadri yí i po, ó ń pa ọwọ́ pọ̀.

"Ẹ gbà mí o! Àgbò Bàbá Quadri ń kú lọ o!"

Ó tó kí ó ké. Láti ìgbà tó ti délé ọkọ, kò sí Iléyá kan tí wọ́n pa ẹran. Àwo àwọn aládùúgbò ló ń wọlé wá bá wọn, tiwọn kì í jáde. Ìyẹn ló ká ọkọ rẹ̀ lára tó fi ra ọmọ àgbò kékeré kan, tó gbé e wálé sábẹ́ abíyá, tó ní, "Tí èyí bá dàgbà, àwa náà á pín ẹran." Ó kú kí àgbò náà tó ní ìwo. Ìyá Quadri ń bọ́ ọ lọ. Èèpo iṣu, èèpo ẹ̀gẹ́, koríko etí gọ́tà, ohun tó bá rí. Iléyá ku ọ̀túnla báyìí.

Quadri ti gbọ́ ní Ládípọ̀. Ó ti ọmọlanké ọ̀gá rẹ̀ dé, òógùn bò ó.

"Ẹ jẹ́ ká gbé e. Ilé ìtọ́jú ẹran kan wà ní Àgùdà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti wo ajá ọ̀gá mi sàn. Tá a bá gba Ìtirẹ́, ó máa yá. Ẹ bá mi mú un lẹ́sẹ̀."

"Àgùdà kẹ̀?" Ìyá Ṣùbòmí ló sọ̀rọ̀. Inú ṣì ń bí i nítorí gàrí rẹ̀, ṣùgbọ́n ìgbéraga ìyá wà lójú rẹ̀. "Ẹ ní dókítà nílé, ẹ fẹ́ máa ti ẹran kiri títì? Ṣùbòmí! Ṣùbòmí, jáde wá!"

Ṣùbòmí jáde. Gbogbo ojú yí sí i. Àwọn tó pè é ní dókítà ewúrẹ́ láàárọ̀, ojú tí wọ́n fi ń wò ó yàtọ̀ báyìí. Ìyá Quadri di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ọwọ́ náà tutù.

"Ọmọ mi, ṣé o mọ ohun tó ń ṣe é?"

"Afẹ́fẹ́ ló há sí i nínú, mà. Gàrí ló fà á."

"Ṣé o lè wò ó?"

Ṣùbòmí ń wo ikùn ẹran náà. Quadri pòṣé. "Màámi, ẹ jẹ́ ká máa lọ. Ẹni tí kò fọwọ́ kan ẹran yìí láti ọjọ́ tó ti dé? Tó ń fọwọ́ bo imú tó bá ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀? Ìwé ló mọ̀. Kì í ṣe ìwé ló ń kú lọ níbí."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Ẹ̀rín kékeré ni, kò tilẹ̀ tó nǹkan. Òun náà ló ba ọ̀rọ̀ jẹ́.

Gbólóhùn kan ṣoṣo ni ìbá gba gbogbo wọn là. *Mi ò mọ̀.* Ó wà lórí ahọ́n rẹ̀. Ká ní ó sọ ọ́, wọn ì bá ti dé Ìtirẹ́. Ṣùgbọ́n ìbínú ò jẹ́ kó sọ ọ́. Ó wo Quadri láti òkè délẹ̀, ó wo àgbò, ó sì rò ó lọ́kàn pé lónìí ni òun máa pa ẹnu gbogbo wọn mọ́.

"Ẹ gbé ọmọlanké yẹn kúrò lójú mi," ó ní. "Ẹ di ẹran náà mú dúró."

Ó wọlé lọ mú àpò irinṣẹ́ rẹ̀. Bàbá rẹ̀, Ògúntádé, awakọ̀ ẹlẹ́rù tó ń ná Kánò, ló rà á fún un. Gbogbo ọ̀bẹ inú rẹ̀ ṣì ń dán. Kò sí èyí tó ti gé nǹkan kan rí. Ìyá rẹ̀ rí dídán wọn, ó yíjú sí àwọn tó dúró: "Ẹ sún sẹ́yìn! Ẹ sún sẹ́yìn, ẹ jẹ́ kí dókítà ríbi ṣiṣẹ́!"

Àwọn ọkùnrin méjì di ìwo mú. Ṣùbòmí bẹ̀rẹ̀. Ó wo inú tó wú yẹn, ó sì rí ohun kan. Ẹ̀gbẹ́ òsì ló ga jù. Ó ga ju ọ̀tún lọ dáadáa, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé egungun ẹ̀yìn, ó le bíi táyà tí wọ́n fún ní afẹ́fẹ́ jù. Ojú rẹ̀ rí i. Ó gbé ọwọ́ lé e, ó gbọ́ bó ṣe ń dún lábẹ́ ìka.

Ṣùgbọ́n àwòrán wà lórí rẹ̀. Àgùntàn, ọ̀tún. Wọ́n ti fún un ní máàkì lórí rẹ̀. Bí ó bá yẹra báyìí, tó ń rò ó, tó ń yí ẹran po, Quadri á tún rẹ́rìn-ín.

Ó kọjá sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún. Ó di ọ̀bẹ ṣóńṣó kan mú, ó gún un.

Àgbò náà ké. Kì í ṣe igbe ẹran tí ebi ń pa. Gbogbo ilé ló gbọ́ ọ. Wọ́n ń retí afẹ́fẹ́, kó tú jáde *fììì*. Afẹ́fẹ́ ò jáde. Ẹ̀jẹ̀ ló jáde, ẹ̀jẹ̀ dúdú, lẹ́yìn náà omi aláwọ̀ ewé kan tó ń rùn.

"Ó máa jáde," Ṣùbòmí ní. "Ẹ dúró ná. Ó máa jáde."

Ó tún gún un. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún yẹn náà.

"Kí lò ń ṣe?" Quadri pariwo. "Kí lò ń ṣe sí i gan-an?"

"Ṣé ìwọ lo lọ sí yunifásítì ni? Pa ẹnu ẹ dé!"

Orúnkún iwájú àgbò náà yẹ̀. Ó kúnlẹ̀. Lẹ́yìn náà ó fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ojú rẹ̀ ń yí. Ìyá Quadri rí ojú yẹn, ó sì mọ̀. Ó kígbe sí ọmọ rẹ̀: "Ọ̀bẹ, Quadri! Ọ̀bẹ! Kó má di òkúǹbete mọ́ wa lọ́wọ́!"

Quadri kọ ojú ẹran sí gábàsì. Ó pe orúkọ Ọlọ́run, ó dú u. Ẹ̀jẹ̀ ṣàn wọ inú gàrí tí wọn ò tíì gbá tán láti àárọ̀.

Iléyá ku ọ̀túnla. Ẹran tí wọ́n bá pa kí wọ́n tó kírun ọdún, ẹran ọbẹ̀ lásán ni. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n nínú ilé yẹn, onígbàgbọ́ àti mùsùlùmí. Ìyá Quadri jókòó sílẹ̀, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì, ó ń wo ọrùn àgbò náà bí ẹni tó ń wo ojú ọ̀nà.

"Mo ti pẹ́ jù kí n tó bẹ̀rẹ̀," Ṣùbòmí ní. Ẹnikẹ́ni ò bi í léèrè. "Inú rẹ̀ ti bàjẹ́ kí ẹ tó pè mí. Ká ní ẹ tètè pè mí ni. Quadri ló ń fi ọmọlanké dá wa dúró."

Ó burú. Ó mọ̀ pé ó burú bó ṣe ń jáde lẹ́nu rẹ̀.

Quadri fi ẹ̀yìn àgbò náà lélẹ̀, ó kọ ikùn rẹ̀ sókè, ó ní kí ẹnì kan bá òun di ẹsẹ̀ mú. Ó la inú rẹ̀ láti àyà dé ìsàlẹ̀. Ṣùbòmí dúró níbi ìrù, ó ń wò ó. Inú náà ṣí sílẹ̀.

Àwòrán Margaret ni.

Bí Margaret ṣe yà á gẹ́lẹ́ ló rí. Ṣàkì ńlá náà yọ jáde, ó wú, ó ń dán, ọwọ́ ọ̀tún Ṣùbòmí ló wà, bó ṣe wà lọ́wọ́ ọ̀tún ìwé. Ó fẹ́ sọ pé, "Ẹ ò rí i? Ọ̀tún ni!" Àfi bó ṣe rántí pé ẹ̀yìn ni ẹran náà fi lélẹ̀. Ikùn rẹ̀ ló kọ sí i. Ẹni tó bá kọjú sí ọ, òsì rẹ̀ ni ọ̀tún rẹ. Margaret mọ èyí, nítorí pé Margaret wà nínú yàrá olóòórùn yẹn nígbà tí wọ́n sọ ọ́. Abẹ́ igi ni òun wà.

Quadri ki ọwọ́ méjèèjì bọ inú ẹran, ó gbé ṣàkì náà sókè. Kò sí ojú ọgbẹ́ kan lára rẹ̀. Ó gbé ẹ̀dọ̀: ó ti ya. Ó fa ìfun ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún: ó ti lu, ohun inú rẹ̀ ti dà sínú ikùn.

"Ibi tí afẹ́fẹ́ wà rèé," ó ní. Kò pariwo mọ́, ìyẹn gan-an ló bani lẹ́rù. "Níbo lo gún, dókítà? Mo ní níbo lo gún?"

Ó mú ọ̀bẹ ara rẹ̀, ó fi ṣóńṣó rẹ̀ gún ṣàkì náà. *Fììììì.* Afẹ́fẹ́ tú jáde, ó rùn, ó pẹ́, gbogbo wọn dúró gbọ́ ọ títí ó fi tán.

"Máa rọra bá ọmọ mi sọ̀rọ̀ o!" Ìyá Ṣùbòmí bọ́ sáàárín. "Ó ní ibi tí ìwé ní kó gún. Ṣé ìwọ mọ ìwé ju àwọn tó kọ ọ́ ni? Ti àgbò yín ló yàtọ̀! Bí ẹ ṣe ń fi èèpo ìdọ̀tí bọ́ ọ, ta ló mọ ibi tí inú rẹ̀ yí sí?"

"Ẹ̀yin náà ẹ wò ó! Ẹ ní ojú!"

"Mo ní ìwé ló sọ bẹ́ẹ̀!"

Ariwo ta. Wọ́n ń ti ara wọn. Lẹ́yìn náà ni Ìyá Ṣùbòmí wo ojú Ìyá Quadri, níbi tó jókòó sí láìsọ̀rọ̀, ara rẹ̀ sì wálẹ̀. Obìnrin tó bú u nítorí gàrí láàárọ̀, ó wá kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ àti gàrí, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú.

"Àmínát, dákun. Má ṣe ṣẹ́ ọmọ mi lépè. Kò mọ̀ọ́mọ̀. Ó ṣe é bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Bí wọ́n ṣe kọ́ ọ gẹ́lẹ́ ló ṣe é, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́."

Ọ̀rọ̀ ò dùn lẹ́nu ìyá olè. Ṣùbòmí gbọ́ "bí wọ́n ṣe kọ́ ọ," ó sì dà bíi pé ẹnì kan fi ọ̀bẹ yẹn gún òun náà, sí ẹ̀gbẹ́ tó yẹ. Ìyá rẹ̀ ń fi orúnkún jẹ́rìí èké láìmọ̀.

"Màámi, ẹ dìde."

"Kúnlẹ̀ ìwọ náà! Kúnlẹ̀ kí o bẹ̀ ẹ́!"

"Màámi, wọn ò kọ́ mi." Ó yíjú sí gbogbo wọn. "Mi ò sí níbẹ̀. Òórùn ẹran yẹn ni mi ò lè gbà, mo ń sá jáde. Ọ̀rẹ́ mi ló ń dáhùn orúkọ mi. Àwòrán tí mo fi yege ìdánwò, ti ẹlòmíì ni mo wò. Mi ò rí inú àgùntàn rí títí di òní yìí. Ìwé ò ṣì. Èmi ni mo purọ́."

Ìyá rẹ̀ dìde lórí orúnkún. Ó wo ọmọ rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ sókè láti gbá a létí, ọwọ́ náà dúró lókè, kò bọ́ sílẹ̀. Ó fi bo ojú ara rẹ̀. Gbogbo ìgbà tó ti gbé ọwọ́ lé ìbàdí láàárín àwọn ayálégbé padà wá bá a lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ìyá Quadri ló sọ̀rọ̀ níkẹyìn. Kò tíì pariwo mọ́ ẹnikẹ́ni láti ọjọ́ tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n, ọjọ́ náà ló pariwo.

"Mo di ọwọ́ ẹ mú! Àbí mi ò di ọwọ́ ẹ mú? Mo bi ọ́ pé ṣé o lè wò ó! Ọmọlanké wà ńlẹ̀, Quadri wà ńlẹ̀, Àgùdà ò sá lọ! Ká ní o sọ pé, 'Mi ò mọ̀.' Mi ò mọ̀ péré! Ta ló máa nà ọ́? Ta ló máa pa ọ́? Mi ò lè bínú sí ẹni tí kò mọ̀, èmi alára kí ni mo mọ̀? Ṣùgbọ́n ìwọ mọ̀ pé o ò mọ̀, o sì gbé ọ̀bẹ!"

Ó dìde, ó gbọn ìborùn rẹ̀, ó wọlé. Títí ilẹ̀ fi ṣú, kò jáde.

Lọ́jọ́ Iléyá, wọ́n lọ kírun, wọ́n dé. Àwo bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé sọ́dọ̀ Ìyá Quadri bíi ti gbogbo ọdún. Ó ń gbà á, ó ń ṣe àdúrà fún wọn, ojú rẹ̀ ò kúrò nílẹ̀. Tiẹ̀ ò jáde. Ṣùbòmí fi kànìnkànìn fọ ẹ̀jẹ̀ orí ṣìmẹ́ńtì yẹn, ó fọ̀ ọ́ títí, àmì rẹ̀ ṣì wà. Quadri kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò pè é ní dókítà ewúrẹ́. Kò pè é ní ohunkóhun. Ṣùbòmí ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé òun lè pàdánù yẹ̀yẹ́.

Nígbà tí yunifásítì ṣí, kò tíì já ẹrù rẹ̀ tó fi lọ bá olùkọ́ ẹ̀kọ́ náà, Dókítà Abọ́dúndé, tó sọ gbogbo rẹ̀. Obìnrin náà gbọ́ ọ tán. Inú bí i débi pé ó bọ́ awò ojú rẹ̀ sórí tábìlì, ó ń rìn lọ rìn bọ̀.

"Àgbò lo pa. Lọ́la, màlúù gbogbo abúlé kan lè wà lọ́wọ́ rẹ. Lọ́túnla, ajá tó bu ọmọ jẹ ni wọ́n máa ní kí o wò bóyá ó ní àrùn. Ìwọ á tún wo ìwé ẹnìkejì ni?"

Wọ́n fagi lé máàkì rẹ̀. Ó tún ọdún náà kà. Wọ́n pe Margaret náà, wọ́n bá a wí gidigidi. Láti ọjọ́ yẹn Margaret ò dá a lóhùn mọ́. Ìyẹn náà jẹ́ ara ohun tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ fà. Ẹ jẹ́ kí á sọ ọ́ kó yé wa, ẹ̀yin ọ̀dọ́: ìdáhùn tí èèyàn bá jí nínú ìdánwò kì í tán sínú ìdánwò. Ó máa ń tẹ̀ lé e délé, á sì dúró de ọjọ́ tí ẹlòmíì á gbé ohun tó ṣọ̀wọ́n sí i lọ́wọ́. Ẹni tó bá sọ pé òun ò mọ̀, ìtìjú rẹ̀ kò ní ju ìṣẹ́jú kan lọ. Abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n padà sí yàrá olóòórùn yẹn, òkú àgùntàn kan wà lórí tábìlì, ó fi ẹ̀yìn lélẹ̀. Oògùn ta Ṣùbòmí lójú, omi ń dà, kò nù ún. Dókítà Abọ́dúndé béèrè ẹ̀gbẹ́ tí ṣàkì wà. Ṣùbòmí ò wo ẹnikẹ́ni. Ó fa ẹran náà dìde pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó bọ́ sẹ́yìn rẹ̀, ó kọjú síbi tó kọjú sí, ó sì gbé ọwọ́ òsì lé ẹ̀gbẹ́ òsì.

"Òsì rẹ̀ ni, mà."

"Ti ẹṣin ńkọ́? Tí afẹ́fẹ́ bá há sínú ẹṣin, báwo ni o ṣe máa mọ ojú ibi tí o máa gún gan-an?"

Gbogbo kíláàsì ń wò ó. Ẹnì kan ti ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, ẹ̀rín kékeré.

"Mi ò mọ̀, mà," Ṣùbòmí ní. Ohùn rẹ̀ le. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi hàn mí."